Gègé Tó Yọ Ahọ́n

Àgírò tẹ̀ ẹ́ wọlé jù.
Kò ju ìbú èékánná kan lọ,
gègé igi ólífì bá yọ ahọ́n síta bí ọmọ aláìgbọràn,
ó lóun ò wọlé mọ́.

Ní Kírétè, nínú ṣọ́ọ̀bù olóògbé ọkọ rẹ̀,
ó wá ìṣó tí Sítírátì fi fáìlì rẹ́ lẹ́nu,
ó kì í bọ inú ihò.
Òòlù: kó.
Kó.
"Igi kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀," Sítírátì a máa wí.

Idẹ yọ díẹ̀. Igi ò là.
Ó tún un tẹ̀, wẹ́rẹ́ báyìí.
Ó yí i, ahọ́n wọlé;
ó yí i, ó jáde.

Ìgbà náà ló rí ìkọ́ àpò rẹ̀ lórí tábìlì,
tó ń dán, tí kò sí lára gègé.

Ó rẹ́rìn-ín.
Ó tún na ọwọ́ sí òòlù.