Akólòlò

Ọjọ́ kẹta rèé tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìwé-ìbí ní Kétu
ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, tí kò lè dáhùn tán.
Iná aláwọ̀ ewé ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣẹ́jú bí ẹni tí ara rẹ̀ dá.
Kùtọnù ń ránṣẹ́, ó ń wọlé wẹ́rẹ́;
tiwa jáde dé ìdajì, ó há.
Mùsíè Odúláàmì ní àwọn ti pa á, àwọn ti tàn án, ẹ̀ẹ̀meje,
ẹnì kan tilẹ̀ gbá a létí.
Mo ní, "Ẹ má gbá a mọ́. Kì í ṣe ọmọ yín."

Wáyà ni mo kọ́kọ́ fura sí.
Mo yọ ọ́, mo fi èyí tí mo ká sínú báàgì láti Pọbẹ̀ rọ́pò rẹ̀.
Kò yí padà.
Mo gbìyànjú ihò kejì, ihò kẹta,
ihò tí ọmọńlé kú sí.
Kò yí padà.
Mo wo ìṣirò: èyí tó wọlé, ẹgbàá mẹ́rin ó lé;
èyí tó jáde, òdo,
òdo roboto bí àwo tí ọmọdé lá tán.

Obìnrin kan jókòó sórí pákó lẹ́nu ọ̀nà,
ó ti Ìdígní wá, ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀.
Ìwé ọmọ yẹn ló há.
Sùráyà ti dé Kùtọnù. Ọjọ́ ìbí ti dé. Abúlé ti dé.
Níbi "orúkọ baba" ni ẹ̀rọ ti ń kólòlò.
"Baba rẹ̀ ń bẹ o," ló ń sọ fún ẹni tó bá ti wò ó,
"Gàbọ́ọ̀nù ló wà, ó ń fowó ránṣẹ́."
Kò sẹ́ni tó bi í.

Mo ṣí àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ fúnra rẹ̀,
ìwé ẹjọ́ tí adájọ́ kan kì í kà.
Ìlà kan náà, léraléra:
Èyí tó ń jáde dúró pẹ́ jù. Mo tún káàdì tàn.
Ó tún un tàn, ó tún dúró.

Mùsíè ní kí n là á yé òun.
Mo ní káàdì ni ọkọ̀, ẹni tó ń wà á ń jẹ́ dírẹ́bà,
bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè é, n kò ṣàwàdà.
Àga inú ọkọ̀ níye. Ọ̀rọ̀ á wọlé, á jókòó.
Bí káàdì bá ti sọ ọ́ kalẹ̀ sójú wáyà,
á kanlẹ̀kùn fún dírẹ́bà: àga ṣófo, kó òmíràn wá.
Dírẹ́bà yìí kò gbọ́ kíkàn.
Ó rò pé ọkọ̀ òun ṣì kún,
ó jókòó ti àwọn èrò tó ti délé.

Ìyá ìyá mi, tí wọ́n bí lẹ́bàá Àkàbà,
máa ń ní oníbodè tó dití burú ju ọ̀tá lọ.

Mo dá dírẹ́bà àtijọ́ padà. Ó kọ̀.
Mo gba iṣẹ́ ìṣirò lọ́wọ́ káàdì, mo gbé e fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ó kọ̀.
Iná lọ. Iná dé.
Ìgbẹ̀yìn, mo yí ìkanlẹ̀kùn náà sí ti ayé ọjọ́un,
èyí tó lọ́ra, tí gbogbo ilé jọ ń gbọ́.

Ẹyọ kan. Mẹ́ta. Ogójì.
Òdo náà fọ́ bí ẹyin.

Kùtọnù pè: "Baba: Amúsá Ògúnṣọlá. A ti rí i."
Mùsíè bú sẹ́rìn-ín: "Bó pẹ́, bó yá!"
Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní kí wọ́n tún orúkọ yẹn kà fún òun.

Wọ́n so iṣu méjì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù mi.
N kò mọ ohun tó di dírẹ́bà létí sí kíkàn tuntun.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: Kétu. Ó ń ṣiṣẹ́. N kò mọ̀dí.
Mo fa ìlà sábẹ́ "n kò mọ̀dí".
Òjò ti ń ṣú lápá Ìmẹ̀kọ.