Àká Atóyèbí

Àká ọkà bàbà ni kó tó di yàrá.
Bàbá Atóyèbí ló fi amọ̀ mọ ọ́n
ní aba Ìdí-Emi, lẹ́yìn Ogbómọ̀ṣọ́;
ó fi bẹẹrẹ bò ó,
ó ní kí eku wá ibòmíràn gbé.

Àbúrò mi yọ fèrèsé sí i lára,
ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbi tí ṣírí ọkà ń sùn.
Àlejò ìgboro ń san owó alẹ́ kan
tí Atóyèbí ìbá fi ra màlúù.
Kò kan páànù sí i. Bẹẹrẹ ni wọ́n ń wá.

Lánàá, èmi náà sùn níbẹ̀.
Òjò rọ̀, n kò gbọ́ ọ.
Eku kan ni mo gbọ́ lórí àjà,
ó ń wá ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ sọ.