Apá

Mo lóṣòó ti igi apá ní Òkèsà, Iléṣà,
bí Òṣómàáló ṣe ń lóṣòó ti onígbèsè.
Mo ti lu ihò, mo ti ta epo sí i lẹ́nu;
mo ki táàpù bọ̀ ọ́, mo fipá lọ́ ọ.
Eyín ìlà wó. Apá mi ò ká apá.

Ọ̀gá Fápohùndà ò tilẹ̀ gbójú sókè:
"Lọ́ ọ dé ìdajì, dá a padà díẹ̀,
kí igi ráyè tu èérún ẹnu rẹ̀."

Mo gbé apá mìíràn.
Mo lọ́ ọ, mo dá a padà, mo lọ́ ọ,
títí àwọn ọmọ iléèwé fi kọjá.

Ìka méjì tó ń gbọ̀n
ni Ìyá Ìbòkun fi ṣí agolo áṣáà rẹ̀.
Ó fà á símú, ó sín,
ó ní ká wá gbowó lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Ọ̀gá wò mí:
"Má lóṣòó o."