Ìwọ̀fà Olókùn Mẹ́fà

Ọjọọjọ́ Ajé ni gìtá bàbá mi ń lọ sin owó.
Yóò kì í bọ àpò dúdú, yóò fi okùn bàtà dì í nídìí,
yóò gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógójì
lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Brozek ní Òpópónà Kẹtàdínláàádọ́ta.
Dọ́là mẹ́jọ, ìwé pélébé kan, ó parí.
Ọjọ́ Ẹtì, owó iṣẹ́ wọlé, yóò lọ rà á padà.
Mo ti mọ̀ láti kékeré: ìwọ̀fà ni, kì í ṣe ẹrú.
Ẹrú kì í mọ ọjọ́ tí òun yóò relé.

Etí odò Tallahatchie ni wọ́n ti bí i, Theotis, ọmọ Gadberry,
níbi tí òwú ti ń funfun títí ojú yóò fi máa ta ni.
Wọ́n ká a, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n kó o fún onílẹ̀;
ìwé onílẹ̀ ní wọ́n ṣì jẹ dọ́là mẹ́tàlá.
Ọmọ ọdún méje tú wáyà ìdí ìgbálẹ̀ ìyá rẹ̀,
ó kàn án mọ́ ògiri pákó,
ó ki ìgò òògùn ikọ́ bọ abẹ́ rẹ̀,
ó ta á.
Ilé dáhùn.
Ó ní gbogbo ilé náà ni àpótí gìtá òun àkọ́kọ́,
àti àwọn tó sùn sínú rẹ̀, àti ebi wọn.

Ọkọ̀ ojú irin gbé e dé Ṣìkágò nínú bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Ilé ìpẹran gbà á síṣẹ́. Ọ̀bẹ ibẹ̀ kò mọ olórin:
ó gba ìka kan lọ́wọ́ òsì rẹ̀, èyí tó tẹ̀lé ọmọńdinrín.
Bàbá mi fọ́ ìgò ọtí, ó fi iná rẹ́ ọrùn rẹ̀ lẹ́nu,
ó bọ̀ ọ́ sí ọmọńdinrín tó ṣẹ́ kù,
gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ẹni tó mọ ìdí ẹkún.

Arvella, ìyá mi, ní Ọlọ́run kì í fi ọrùn ìgò kọrin.
Ṣùgbọ́n ní alẹ́ Sátidé mo máa ń rí i lẹ́nu fèrèsé,
tó na etí sí ilé ọtí òdìkejì, tó ń ṣe bí ẹni ń wo òjò.

Àwo orin kan ṣoṣo ló ṣe láyé.
Ogójì dọ́là, búrẹ́dì onípẹran kan.
Ó fọwọ́ sí ìwé; ìwé kò fọwọ́ kàn án mọ́.
Otis Gadbury ni wọ́n tẹ̀ sára àwo.
Mo bi í pé ṣé kò dùn ún.
Ó ní, "Otis ni wọ́n rẹ́ jẹ, Verlene, kì í ṣe èmi."

Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ó ń ṣọ́ mọ́tò níwájú ọsibítù,
nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti Denmark kan ilẹ̀kùn wa,
àwo Otis ní abíyá wọn bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.
Wọ́n mú un lọ sí Aarhus. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn jókòó,
ẹnikẹ́ni kò jó, ẹnikẹ́ni kò fèsì,
wọ́n dákẹ́ bí ẹni ń gbọ́ ìwé ogún.
Ó pè mí lórí fóònù lóru: "Mo rò pé mo ti kú ni."

Owó Denmark di eyín ìyá mi, ó di òrùlé.
Ọjọ́ Ajé padà di ọjọ́ Ajé.

Oṣù Kẹta ló kú, ní ọjọ́bọ̀ kan tí yìnyín ń bọ́.
Mo bá ìwé pélébé náà nínú àpò kóòtù rẹ̀.
Ọmọ-ọmọ Brozek wò mí, ó wo ìwé, kò gba èlé.
Mo gbé e gun àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógójì;
n kò mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀.
Mo fi í ti ògiri. N kò mọ̀ ọ́n ta.
Bí ọkọ̀ ojú irin bá kọjá, okùn tó nípọn jù a máa kùn díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé dé.
Kò lọ síbì kankan.