Oúnjẹ Alẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Láti Ìlọrin la ti wá, ọjọ́ mẹ́ta péré la fẹ́ lò l'Óṣogbo,
Mọrẹ́nikẹ́ pẹ̀lú ìwé tó ń kọ orúkọ oúnjẹ sí,
èmi pẹ̀lú ìgò ata gbígbẹ nínú àpò ṣòkòtò.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri.

Ohun tí ìyàwó mi kò tọ́ wò rí ló máa ń wù ú jẹ.
Èmi, ohun tí mo jẹ lánàá ni mo fẹ́ jẹ lónìí,
kó gbóná, kó ta, kí iwájú orí mi làágùn.

Ó ní obìnrin ará Jàpáànù kan wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
Yúmíkò, tó wá kọ́ aró rírẹ, tí kò padà sílé mọ́.
Aró ti mu ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.
Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ń se oúnjẹ ìlú wọn,
tábìlì mẹ́rin, lábẹ́ igi máńgòrò.

Ẹja tútù ló kọ́kọ́ gbé wá. Mo ní tútù:
kò rí iná, kò rí epo, kò gbọ́ ìròyìn iyọ̀.
Mo bi í pé, "Ṣé kì í ṣe ti odò yìí? A kì í jẹ ẹja Ọ̀ṣun o."
Yorùbá tó fi dá mi lóhùn já gaara ju tèmi lọ:
"Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ń gbé ìlú yìí.
Ẹja Èkó ni, inú yìnyín ló bá dé."

Mọrẹ́nikẹ́ ti di ojú, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń ka lẹ́tà.
Èmi rí nǹkan aláwọ̀ ewé kan létí àwo,
mo ṣebí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gún ni, mo bù ú kún ṣíbí.
Yéè!
Ata ọ̀hún kò dúró lẹ́nu, imú ló gbà gòkè,
ó kan ilẹ̀kùn àtàrí, kò dúró kí wọ́n ṣí i.
Èmi ọkọ ata, èmi tí mo gbé ìgò rìn!
Omijé ń bọ́ sórí ìrẹsì funfun.
Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí igi ìjẹun fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni abọ́ kékeré kan dé,
ẹ̀wà sóyà tó ti kan, tó ń yọ̀ bí ilá,
tó ń fà láti inú abọ́ dé àgbọ̀n èèyàn.
Mọrẹ́nikẹ́ fa orí sẹ́yìn. "Irú," ó ní. "Irú ni."
Láti kékeré ni kò ti fẹ́ gbóòórùn rẹ̀;
ọdún kọkànlá rèé tí irú ti wọ ilé wa kẹ́yìn.
Ṣùgbọ́n òórùn yẹn,
ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni, l'Ọ́fà,
agbọ̀n tí wọ́n fi àpò bò nídìí ààrò,
tí a kò gbọdọ̀ ṣí kó tó tó ọjọ́.
Mo jẹ tèmi. Mo jẹ tirẹ̀.
Mo ní kí Yúmíkò tún bù sí i.
Ata wà lápò, n kò rántí rẹ̀.

Bí a ṣe ń dá ojú irin kọjá lọ sílé ìtura,
igi méjì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ Mọrẹ́nikẹ́, ó ń fi wọ́n mú afẹ́fẹ́.
Mo wò wọ́n: ọ̀kan dúró gbọin, ọ̀kan ń jó.
Mo fẹ́ fi wọ́n pa òwe kan nípa àwa méjèèjì.
Mo sún mọ́ ọn, mo la ẹnu.
Ó ní, "Kọ́kọ́ lọ fọ ẹnu ẹ ná."