Orúkọ Inú Ìtàn

Ní Dúlúùtù, yìnyín ṣì wà lójú adágún
nígbà tí wọ́n so kámẹ́rà mọ́ òpó iná.
Kélímọ́ọ̀ lorúkọ ilé-iṣẹ́ náà:
dígí ọba inú ìtàn,
tó ń rí kọ̀rọ̀ ilé onílé.
Wọ́n ní ó dùn lẹ́nu.

Hẹ́ligà mọ dígí yẹn.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi kà á sétí àwọn ọmọdé
ní ilé-ìkàwé.

Níbi ìpàdé ìlú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde,
bàtà rẹ̀ funfun báláú:
“Ẹ ṣáà fọkàn tán wa.”

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ilé wo lẹ wò?

Ìyá àgbà tẹjú mọ́ ọn.
Áńsẹ́lì mà ni!
Ọmọ ọdún méje, lórí ẹní pupa,
tí oorun máa ń gbé lọ
kí dígí tó fọ́ ọba lójú.