Kọ́bọ̀ Oníhò

Ọ̀bẹ márùn-ún ni bàbá mi fi sílẹ̀ nínú awọ ewúrẹ́.
Kò filé sílẹ̀, kò fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní Òkèlele.
Gàníyù ní òun ò fẹ́, òun ń ta fóònù ní Kàdúná.
Mọ́rúfù ní kí n gbé wọn fún ẹni tó ń ra irin àlòkù.
Èmi obìnrin ni mo tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọdún mẹ́sàn-án.

Èyí tó gùn ló ń dúnbú màlúù ní Ìpàta.
Èyí tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ló ń bó awọ.
Èyí tó wúwo, eegun ló mọ̀.
Ẹ̀kẹrin, mi ò mọ iṣẹ́ ẹ̀.
Ìkarùn-ún kéré. Ìyá mi a máa jí i gé wàrà,
bàbá mi a sì máa wá a kiri bí ẹni tó sọmọ nù.

Iléyá ọdún yìí ni mo tú awọ náà.
Ẹnu wọn ṣì mú. Ọrùn ló bàjẹ́:
èèkù ń mì bí eyín arúgbó,
ìpẹtà ti jẹ ìṣó,
idẹ róbótó tó di igi mọ́ irin
ti dúdú bí ìdí ìkòkò.
"Idẹ Bídà nìyẹn o," ni bàbá mi máa ń wí fún àlejò,
"bàbá mi àgbà fi odidi ẹṣin pààrọ̀ ẹ̀."
A gbà á gbọ́. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tèmi.

Ọlọ́huntóyìn, alágbẹ̀dẹ Pàkátà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ó mi ọ̀bẹ létí bí ẹni ń yẹ ẹyin wò.
Ó ní, "Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara ẹ̀.
Jókòó."
Ó fi òòlù ti ìṣó jáde, díẹ̀díẹ̀,
ó bu eérú, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i,
ó ju akísà sí mi: "Nù ún. Ogún ẹ ni."

Mo ń nù, mo ń nù. Eérú wọ èékánná mi.
Dúdú di àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ di àwọ̀ obì,
ni nǹkan bá yọjú: igun kan, igun méjì,
ìràwọ̀ onígun mẹ́fà.
Mo yí i padà. Adé.
Ihò láàárín, níbi tí ìṣó gbà kọjá.

Kọ́bọ̀ oníhò.
Mẹ́wàá géérégé, méjì méjì fún ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan.

Alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú ẹ̀.
"Ẹṣin wo? Ọdún tí wọ́n pa owó dà ni.
Gbogbo wa la ní kọ́bọ̀ tí ò lè ra gúgúrú mọ́.
Àwọn kan dà á sódò Àsà.
Bàbá ẹ kó tiẹ̀ wá síbí. Èmi ni mo ń fẹ ẹwìrì lọ́jọ́ náà."

Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Mo ní idẹ Bídà tòótọ́ lẹ́yìnkùlé. Ṣé kí n fi pààrọ̀?"

Mo bèèrè iye ẹ̀. Ó sọ ọ́.
Mo wo kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí akísà, wọ́n ń wò mí padà
pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo.
Mo ní, "Ìṣó tuntun nìkan. Dá wọn padà síbi tí wọ́n wà."

Láàárọ̀ Iléyá, àna mi gbé èyí tó gùn sókè sí oòrùn.
"Kí ló ń dán báyìí?"
Ẹnu mi là fúnra ẹ̀: "Idẹ Bídà ni."
Múnírátù ọmọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé, tẹjú mọ́ ọn,
ó ń ka létà ara ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo ní kó lọ bu omi wá.